Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn: Ẹjọ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn Ikọ̀ Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń sọ sí wa lọ́kàn nígbàkígbà tí a bá gbọ́ irú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń dá fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn nínú ikọ̀ Super Eagles, láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí ikọ̀ Congo ti borí wa ní ìlú Rabat ní ilẹ̀ Mòrókò, tí ọ̀nà Ife Àgbáyé ti ọdún 2026 sì ti ibẹ̀ dí mọ́ wa. Ní Agbabu níhìn-ín, àti ní Òrè níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró jẹun kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, ohùn kan náà ni à ń gbọ́: "Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn ni wọ́n bà á jẹ́." Ẹni tí kò mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn pàápàá ti dá wọn lẹ́bi tán.

A kò dìde láti bo ẹ̀bi ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti akọ̀wé mọ̀ pé ìwé ìṣirò kì í ní ojú kan ṣoṣo. Bí a bá ti kọ ohun tí ó jáde, dandan ni kí a kọ ohun tí ó wọlé, kí a tó fa ìlà sí ìsàlẹ̀, kí a sì kọ àròpọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣí lónìí fún àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye. Ìdíje 10 ni ikọ̀ wa gbá nínú ìsọ̀rí tí a fi wọ́n sí, láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n borí nínú 4, wọ́n ta ọ̀mì nínú 5, a sì borí wọn nínú ẹyọ 1. Góòlù 15 ni wọ́n gbá wọlé àwọn ẹlòmíràn, 8 sì ni ó wọlé tiwọn. Àmì 17 ni wọ́n ní. Gúúsù Áfíríkà ní 18, wọ́n sì gba ipò kìíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ FIFA ti yọ àmì 3 kúrò nínú tiwọn nítorí pé wọ́n lo Teboho Mokoena nínú ìdíje kan tí kò yẹ kí ó ti gbá. Àmì kan péré ni ó wà láàárín àwa àti wọn.

Ẹnìkan lè wí pé góòlù 8 nínú ìdíje 10 kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń wọlé. Kò sí ọjọ́ kan tí ògiri wó lulẹ̀ gbàgà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò, bí òrùlé tí ihò kékeré wà lára rẹ̀. Lesotho gbá 1 wọlé wa ní Uyo, Zimbabwe gbá 1 ní ilẹ̀ Rwanda, Gúúsù Áfíríkà gbá 1 ní Uyo, Benin gbá 2 ní Abidjan. Zimbabwe tún gbá 1 ní Uyo, Gúúsù Áfíríkà 1 ní Bloemfontein, Lesotho 1 ní Polokwane. Ìdíje 3 péré, ti Rwanda lẹ́ẹ̀mejì àti ti Benin ní ìgbẹ̀yìn, ni ìlẹ̀kùn wa fi wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà 7 nínú 10 ni olè wọlé. Èyí ni ẹ̀sùn tí ó wà lọ́rùn àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn, òtítọ́ sì ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ojú ìwé kejì. Nínú ìdíje 6 tí a kò borí, ọ̀mì 5 àti ẹyọ kan tí a pàdánù, góòlù kọ̀ọ̀kan ni àwa náà gbá nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ọjọ́ kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a rí méjì gbá. Bí àwọn tí wọ́n wà níwájú bá rí ẹyọ kan sí i ní Uyo nígbà tí Lesotho wá, tàbí nígbà tí Gúúsù Áfíríkà wá, ta ni ì bá tún dárúkọ ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn? Victor Osimhen kò sí lórí pápá ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí a ta ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà tí Benin sì borí wa. Kò sì sí ní Bloemfontein ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Nígbà tí ọwọ́ iwájú bá rọ, ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù ń wó lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Rabat: Frank Onyeka gbá góòlù wa wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, Congo dá a padà ní ìṣẹ́jú 32, láti ìgbà náà títí a fi gbá 120 ìṣẹ́jú pé, kò sí góòlù kankan mọ́ ní ìhà méjèèjì, kí a tó lọ gbá pẹnáritì tí Congo fi 4 borí 3 tiwa.

Ohun ìyàlẹ́nu mìíràn tún wà nínú ìwé náà. Nínú góòlù 15 tí a gbá nínú ìsọ̀rí, 3 ti ẹsẹ̀ tàbí orí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn jáde. Semi Ajayi ni ó dá ti Lesotho padà ní Uyo ní ọdún 2023. Calvin Bassey ni ó dá ti Gúúsù Áfíríkà padà ní Bloemfontein. William Troost-Ekong, tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ nígbà náà, ni ó gbá pẹnáritì wọlé ní Polokwane tí a fi ṣí ọ̀nà ìṣẹ́gun lórí Lesotho. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ ilé ni ó tún lọ sóko wá oúnjẹ wálé.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni ilé ti ń jò? Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025 ni kí a wò dáradára, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti pàdánù Ife Àgbáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù méjọ lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀. Zimbabwe wá sí Uyo. Osimhen gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú 74, gbogbo pápá sì ń hó. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún péré ni ó kù kí àkókò eré pé. Ní ìṣẹ́jú 90 gan-an, Tawanda Chirewa gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa. Ìṣẹ́gun di ọ̀mì, àmì 3 di 1. Bí a bá ti bọ́ọ̀lù kan yẹn sẹ́yìn, àmì 19 ni à bá ní ní ìparí, Gúúsù Áfíríkà ì bá sì dúró síbi 18 rẹ̀. Ẹ rí i pé góòlù kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Èyí tí ó wọlé nígbà tí a ti fi mẹ́rin borí kò ju àbùkù kékeré lọ. Èyí tí ó wọlé ní ìṣẹ́jú 90 lè gba oúnjẹ ọdún mẹ́rin lẹ́nu orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn, ohun mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kí a béèrè.

Ìkínní, níbo ni góòlù náà ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó wà láàárín pápá ni ó sọ bọ́ọ̀lù nù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nítòsí ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé ni ojú ènìyàn ń rí. Ẹni tí a bá nídìí òkú kọ́ ni ó pa á dandan.

Ìkejì, ìgbà wo ni ó wọlé? Èyí ni a ti sọ.

Ìkẹta, kí ni ẹni náà dí lọ́wọ́ tí kò fi ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn dà bí ti ọ̀dẹ òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ohun kan kò sọnù, kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Agbabu pàápàá rí bẹ́ẹ̀: láti àárín ọdún 1908 sí 1914 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ kànga kiri agbègbè yìí láti wá ọ̀dà dúdú náà, síbẹ̀ ẹni tí ń rìn lórí rẹ̀ lè má mọ̀ pé ohun kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Ìkẹrin, ta ni ó mọ ògiri náà? Nínú ìdíje Ife Áfíríkà tí a gbá ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, góòlù 4 péré ni ó wọlé wa nínú ìdíje 7, títí a fi dé àṣekágbá. Ìdíje 4 léraléra ni ẹnikẹ́ni kò fi rí ilé wa wọ̀: Ivory Coast, Guinea-Bissau, Kàmẹrúùnù àti Àǹgólà. Ajayi, Troost-Ekong àti Bassey ni wọ́n dúró láàárín, Stanley Nwabali wà lẹ́nu ilé, wọ́n sì wà pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, José Peseiro. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje ti Ife Àgbáyé, Peseiro darí 2, Finidi George darí 2, Éric Chelle sì darí 6 tí ó kù. Bíríkìlà mẹ́ta ni ó mọ ògiri kan, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn ìwọ̀n tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sì ń rí lò pọ̀ kí wọ́n tó padà sí Yúróòpù.

Lẹ́yìn èyí, a lè wá fi ènìyàn kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n. Troost-Ekong jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ eré. Ó máa ń wà níbi tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bọ́ sí kí bọ́ọ̀lù tó dé. Eré sísá kọ́ ni agbára rẹ̀, bí àyè bá sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyọnu dé. Òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wa ní Bloemfontein. Òun yìí kan náà ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó peregedé jù lọ nínú gbogbo ìdíje Ife Áfíríkà ti ọdún 2024. Ẹnu tí ó kì í nígbà náà ni ó bú u nígbà yìí.

Bassey ní agbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Òun ni ẹni tí a lè fi sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ọ̀tá tí ó yára. Ajayi ga, bọ́ọ̀lù òkè sì ni oko rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí wọ́n tàsé pẹnáritì ní Rabat, èyí ni ó sì mú kí orúkọ wọn korò lẹ́nu àwọn ènìyàn; ṣùgbọ́n pẹnáritì kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn ṣíṣọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi gbèsè ojú ìwé kan kọ sí òmíràn. Ola Aina lè ṣọ́ apá ọ̀tún, ó sì lè ṣọ́ apá òsì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ní ti Nwabali, ẹ má ṣe gbàgbé pé ó mú pẹnáritì 2 nígbà tí a pàdé Gúúsù Áfíríkà ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ní ọdún 2024.

Nítorí náà ìdájọ́ wa nìyí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn jẹ̀bi ohun kan: wọn kò mọ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí eré bá ń lọ sí òpin. Ẹ wo Zimbabwe ní ìṣẹ́jú 90. Ẹ wo Lesotho tí ó gbá tirẹ̀ wọlé ní Polokwane lẹ́yìn tí a ti ní 2. Ẹ wo Gabon tí ó dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú 89 ní Rabat, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ti Congo, tí a fi ní láti fi àfikún àkókò borí wọn ní 4 sí 1. Ẹ̀kọ́ àti ìfarabalẹ̀ ni ó lè wo àrùn yìí sàn. Ní ti pé wọ́n ni ó sọ ikọ̀ di aláìlera, a dá wọn sílẹ̀.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó yẹ kí a ti mọ èyí láti ilé. Ní ọdún 2012, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó borí ní Áfíríkà. Wọ́n gbá góòlù 3 wọlé Al Ahly ti Íjíbítì ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àlejò náà sì gbá 3 wọlé tiwọn. Nígbà tí wọ́n dé Cairo, góòlù 1 sí òdo ni ó tán ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbá góòlù 3 lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò sì borí, ẹ̀yìn ilé ni kí ó lọ wò.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ Òrè fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní iyì ìdènà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ibẹ̀ ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró tí wọn kò fi lè tẹ̀ síwájú sí ìhà Ìbàdàn àti Èkó, títí di òní ni Yorùbá sì ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." A kò fi eré ṣíṣe wé ogun tí ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀, ohun tí a ń wí ni pé ìdènà ni ó sọ orúkọ ìlú náà di òwe.

Ohun tí ó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìdíje kan lọ. Ẹ wo àwọn ọmọ wa lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́: gbogbo wọn ni ó fẹ́ wà níwájú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n ń tì sẹ́yìn bí ẹni tí a fìyà jẹ. Ibi tí wọ́n ti rí i kọ́ ni ẹnu àwa àgbà. Bí a bá sọ ipò ẹ̀yìn di ipò ìtìjú, ta ni yóò ṣọ́ ilé lọ́la?

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń darí bọ́ọ̀lù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Òdìgbó, ẹ fi ọmọ tí ó gbọ́n jù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó. Ẹ ní ìwé kékeré lọ́wọ́, kí ẹ sì máa kọ bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà dá padà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ góòlù. Nígbà tí ẹ bá ń pín ẹ̀bùn ní ìparí ọdún, ẹ pe òun náà síwájú, kí ẹ sì ka iye rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn.