Ọgbà Oníná Lórí Òpó Irin: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ àti Onílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fa Wáyà

Ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, ẹni tó bá gbin pákí tàbí àgbàdo tí kò ṣọ́ ọ, apá kan nínú rẹ̀ á ti di ti ọ̀yà, ti túrùkú tàbí ti màlúù kí ìkórè tó dé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣòfin lórí dída ẹran káàkiri láti 2019, síbẹ̀ òfin kò lè dúró sójú oko lóru. Nínú ìgboro náà, ẹ̀rù olè tó ń fo ògiri kì í jẹ́ kí onílé sùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè bí àwọn ṣe lè fi iná sára ọgbà àwọn.

Ohun tó dára ni, bí a bá ṣe é bó ti yẹ. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń fa iná NEPA láti inú ilé, tí wọ́n sì ń dè é mọ́ wáyà ọgbà ní tààrà. Tàkúté tó ń pa ènìyàn ni wọ́n dẹ yẹn. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ọgbà méjèèjì lè jọra. Ìwé yìí wà láti fi hàn yín bí wọ́n ṣe yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà

Ọgbà oníná tó bójú mu kì í gba iná láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sára wáyà. Ẹ̀rọ kan wà láàárín, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè ní énájáísà. Ẹ̀rọ yìí lè gba iná NEPA tí í ṣe fóòtì 230, ó sì lè gba ti bátìrì fóòtì 12 tí sólà ń cháàjì. Yóò kó iná náà jọ, yóò wá tú u sára wáyà lẹ́ẹ̀kan ní bíi ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Títú náà kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè tó fóòtì 5,000 títí dé 9,000. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á bẹ̀rù, ṣùgbọ́n fóòtì nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn. Iye iná tó wọ ara àti bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ara ni kí ẹ máa wò. Ìlànà àgbáyé tó de ẹ̀rọ náà, IEC 60335-2-76, kò gbà kí agbára tó ń tú lẹ́ẹ̀kan ju júùlù 5 lọ.

Ìsinmi tó wà láàárín títú kan àti èkejì ló ń dá ẹ̀mí sí. Ẹni tó bá fara kan wáyà náà á gbà á bí ìgbátí, yóò dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n iṣan ara rẹ̀ á tú, á sì lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Iná NEPA kò mọ ìsinmi. Ó máa ń mú iṣan ọwọ́ le débi pé ẹni tó di irin mú kò ní lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Mílíáńpíà 30 péré, bó bá gba àyà kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lè da ìlù ọkàn rú, iná ilé lásán sì lè ti ìlọ́po púpọ̀ iyẹn wọ ara ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Nítorí náà, bí oníná kan bá sọ pé òun lè fi ínfátà tàbí tránsfọ́mà àlòkù ṣe ọgbà fún yín láì lo énájáísà, ẹ má gbà fún un, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Òpó irin

À ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn òpó irin nítorí pé ikán kì í jẹ ẹ́, iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í sọ ọ́ di eérú. Òpó igi tí a kò fi oògùn pa lára kì í pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ ra irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Irin dúdú tí wẹ́dà kàn gé tí kò kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láti ibi tó ti kan ilẹ̀, níbi tí ojú kì í tètè dé. Bí òpó bá gùn tó mítà 1.8, ẹ jẹ́ kí bíi sẹ̀ǹtímítà 60 wọlẹ̀ nínú rẹ̀. Òpó igun àti ti ẹnu ọ̀nà ló ń ru gbogbo agbára wáyà tí a fà le. Ẹ da kọnkéré sí ìdí wọn, kí ẹ sì fi irin mìíràn tì wọ́n.

Ibi tí òpó irin ti ń dani láàmú ni pé irin ń gbé iná. Bí wáyà bá kan òpó níbì kan ṣoṣo, iná á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, gbogbo ọgbà á sì kú. Ẹ̀rọ á ṣì máa ró nínú ilé, ẹni tó ni ín á sì rò pé oko òun wà lábẹ́ ààbò. Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí wáyà ti kọjá lára òpó, ó gbọ́dọ̀ wà lórí ínsúlétọ̀, ìyẹn ike líle tàbí tánganran tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ínsúlétọ̀ ti òpó igun gbọ́dọ̀ lágbára ju ti àwọn òpó àárín lọ. Àwọn kan máa ń gé họ́ọ̀sì tàbí bàtà rọ́bà lò dípò rẹ̀. Oòrùn á sán an kí ọdún tó yí po, òjò á wọ inú ibi tó sán, ẹni tó ń wá ibi tí iná ti ń jò á sì wá a títí á fi sú u. Owó ínsúlétọ̀ kò tó owó wàhálà yẹn.

Wáyà irin tí wọ́n fi síǹkì bò, tó nípọn tó mìlímítà 1.6 sí 2.5, ló dára. Ẹ má so wáyà kọ́pà mọ́ ọn, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á jẹrà. Màlúù kò ju wáyà méjì lọ. Ewúrẹ́, àgùntàn àti túrùkú ń fẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ti ìsàlẹ̀ pátápátá wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà ìsàlẹ̀ yìí ni koríko máa ń tètè bá lásìkò òjò. Ẹ máa ro ìdí ọgbà, nítorí koríko tútù tó fara kan wáyà ń fa iná rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹran kò fi ní kà á sí mọ́.

Ẹ́ẹ̀tì, ohun tí àwọn ènìyàn ń fojú di

Bí wọ́n bá pè wá síbi ọgbà tí kò ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Iná tó jáde nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀. Ó ń gba wáyà jáde, ó ń gba ara ẹran tó fara kàn án, ó ń gba ẹsẹ̀ ẹran wọlẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń dá a padà sí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí a gbá mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ, ọ̀nà ìpadà yẹn á sì dí. Ẹ gbá ọ̀pá mẹ́ta mọ́lẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 2, kí àlàfo mítà 3 sì wà láàárín wọn. Ibi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù ni kí ẹ yàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa da omi sí ìdí wọn. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ òkúta tàbí yanrìn gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí wáyà kan ní iná, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà lórí ẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ẹran tó bá ki orí bọ̀ ọ́ á kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná kò sì ní nílò ilẹ̀ kó tó padà. Ọ̀pá wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 10 sí ẹ́ẹ̀tì iná ilé.

Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn fóòtì ọgbà. Èyí tí oníná fi ń wọn iná ilé kò lè gba agbára yẹn. Bí wáyà bá ti wà lábẹ́ fóòtì 3,000, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lórí ògiri ilé

Ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá títì kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kan wáyà yín ní àṣìṣe. Ògiri tó ga tó mítà 1.5 ó kéré tán ni kó wà láàárín wọn. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò gbọdọ̀ ní iná lára láé, nítorí ẹni tó bá há sínú rẹ̀ kò ní lè bọ́, énájáísà á sì máa ta á léraléra. Bí ẹ bá ti ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún lórí ògiri tẹ́lẹ̀, kí ti oníná jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gbé pátákó ìkìlọ̀ aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n fi dúdú kọ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àti sára ògiri ní mítà 10 sí mítà 10. Kó tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní gíga àti 20 ní fífẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì ya àwòrán mọ̀nàmọ́ná sí i, torí gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń kàwé. Ẹ má so ohunkóhun mọ́ òpó NEPA. Wáyà tó gba abẹ́ géètì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọgbà oníná. Wáyà ilé kò lè dá fóòtì 10,000 dúró.

Ẹ pe àwọn ọmọdé, ti ilé àti ti aládùúgbò, kí ẹ fi ọgbà náà hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má rá gba abẹ́ rẹ̀, nítorí orí ni wáyà máa ń kọ́kọ́ bá. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Bí iná bá mú ènìyàn

Ẹ má fọwọ́ kan ẹni náà. Ẹ pa iná níbi mítà tàbí lára ẹ̀rọ. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlẹ̀ gan-an ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn sì pe 112. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Dída omi lé e lórí kò wúlò.

Àjọ NEMSA ni ìjọba àpapọ̀ fún láṣẹ láti yẹ iṣẹ́ iná wò, òun náà ló ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbéṣẹ́ fún. Òfin ìwà ọ̀daràn ka dídẹ tàkúté tó lè pa ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Pé olè ni ẹni tó kú kò sọ iná NEPA tí ẹ fi sára irin di ohun tó bófin mu, olè nìkan sì kọ́ ló ń fara kan ọgbà: ọmọ tó ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ àti aládùúgbò tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ ibi tí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà, ẹ sọ fún baálẹ̀, kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ ọ́ lónìí.