Ọgbẹ́ Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ni

Ẹsẹ̀ ní í gbé àgbẹ̀ dé oko, òun náà ní í gbé oníṣòwò dé ọjà. Síbẹ̀, òun ni a kì í sábà wò. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, gbogbo ènìyàn ní í bọ́jú ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lè lo oṣù kan láìwo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Àrùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fà á.

Gìgísẹ̀ sísán: Nígbà ọyẹ́, awọ ara a máa gbẹ. Gìgísẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà a nípọn, a sì sán. Bí ó bá sán jinlẹ̀, ìdọ̀tí a gba ibẹ̀ wọ inú ara. Ó dára kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ ní alẹ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi òrí pa á.

Omi tó ń jẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀: Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tó sì rin ni ó fẹ́, bí inú bàtà tí òógùn kún. Awọ àárín ọmọ-ìka a funfun, a bó, a sì máa yún ni. Kí a máa nu àárín ọmọ-ìka gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀, kí a má sì yá ẹlòmíràn ní bàtà.

Jìgá: Inú iyẹ̀pẹ̀ ni kòkòrò kékeré yìí ń gbé, pàápàá níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá ń sùn. Abo rẹ̀ a wọ inú awọ ẹsẹ̀, a sì wú. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ onídọ̀tí yọ ọ́ lè kó àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Jàbùtẹ̀: Àwọn kan a ní, "Ó tẹ oògùn." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé ọmọ aràn wọ inú ara. Ní Tógò, wọ́n pín oògùn aràn fún ará ìlú fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Tógò ti ṣẹ́gun àrùn náà.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tó burú ju ìwọ̀nyí lọ. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Àgbẹ̀ kan tó ní àrùn àtọ̀gbẹ ti oko dé. Ìyàwó rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà rẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ẹ wo ẹsẹ̀ yín!" Ọkọ dáhùn pé, "Fi í sílẹ̀, kò dùn mí."

Kò dùn ún: ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ti ba iṣan tí í jẹ́ kí ara mọ ìrora jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ẹsẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà ọgbẹ́ kò ní tètè jinná. Ọgbẹ́ kékeré lè rà dé egungun. Nígbà náà, dókítà lè ní láti gé ẹsẹ̀ kí ẹ̀mí má bàa bọ́.

Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Bí kò bá lè bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó. Kí ó máa gbọn bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́. Kí ó má yá ẹsẹ̀ sí iná, kí ó má sì rìn láìwọ bàtà, ìbáà ṣe nínú ilé. Bí ó bá rí ọgbẹ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ a ní, "Ó ti ṣe díẹ̀." Ẹni tó ti mọ̀wé kọ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó kọ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ọgbẹ́ náà sílẹ̀, kí ó sì mú ìwé náà dání. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.