Aboyún Tó Ní Wárápá: Ẹ Má Ṣe Dá Oògùn Dúró

Wárápá kò jìnnà sí wa l'Áfọ̀n. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn ní Igbó-Ọrà jáde: nínú 1,000 ènìyàn, bí 5 ló ní in. Obìnrin tó ní in lè bímọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni ara rẹ̀ le.

Ibi tí ewu wà ni pé bí oyún bá ti dúró, àwọn kan a da oògùn nù, wọ́n á ní kó má ba ọmọ inú jẹ́. Bí wárápá bá wá ń gbé aboyún ṣánlẹ̀ léraléra, ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ.

Lóòótọ́, oògùn kan wà, valproate, tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àwa. Nítorí náà, kí obìnrin ti rí dókítà kó tó lóyún. Wọn yóò fún un ní folic acid pẹ̀lú. Wọ́n ń tọ́jú wárápá ní Arò, l'Ábẹ́òkúta. Ọsibítù ni kó bímọ sí.

Bí ó bá gbé e, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má sá. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn.

Ẹ̀yin baálé, owó oògùn ló ṣáájú owó ìkómọ o.