Boston Red Sox 2004: Èpè kọ́ ló dá wọn dúró fún ọdún 86

Kó tó di ọdún 2004, bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Boston léèrè ìdí tí ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ìlú wọn, Red Sox, kò fi gba ife-ẹ̀yẹ mọ́ láti ọdún 1918, èpè ni yóò sọ fún yín. Babe Ruth ni wọ́n gbà pé ó fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka Ruth sí ẹni tó mọ béèsìbọ́ọ̀lù gbá jù lọ láyé, Boston ló sì wà kí Harry Frazee tó tà á fún New York Yankees ní ìparí ọdún 1919, ní 100,000 dọ́là. Frazee, tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, a máa náwó sórí eré orí ìtàgé, ọwọ́ sì ń há a. Láàárín ìgbà tí Ruth lọ sí ọdún 2004, Yankees gba ife-ẹ̀yẹ 26. Boston kò gba ẹyọ kan.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Ẹ̀rí tí wọ́n sì ń kó jọ kò kéré. Ní 1946, 1967, 1975 àti 1986, Red Sox dé ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series, eré keje tó jẹ́ eré ìkẹyìn ni wọ́n sì ti pàdánù nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti 1986 ló dùn wọ́n jù. Ní eré kẹfà, ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ayò tó dọ́gba, lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ Bill Buckner, agbábọ́ọ̀lù Red Sox, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá. New York Mets ló gbé ife lọ.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá èpè ń jà tàbí kì í jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìtàn ẹgbẹ́ yìí dáadáa kò ní nílò babaláwo kó tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, Jackie Robinson àti àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn wá sí Fenway Park, pápá Red Sox, kí wọ́n lè wò wọ́n bóyá wọ́n á gbà wọ́n. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sáré, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, Robinson bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Brooklyn Dodgers, ó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ọmọkùnrin kan tún wà ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí Red Sox ì bá mú kó tó gbajúmọ̀. Wọ́n fojú fò ó. Willie Mays lorúkọ rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń fi wé Ruth títí di òní. Ọdún 1959 ni Red Sox ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Pumpsie Green wọ pápá, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ wọn. Nínú ẹgbẹ́ 16 tó wà nínú líìgì ńlá nígbà náà, àwọn ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Tom Yawkey ló ni ẹgbẹ́ náà láti 1933 títí tó fi kú ní 1976. Olówó ni, ó sì náwó, àmọ́ kò fọwọ́ kan ife yẹn rí. Ọdún 2018 ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára òpópónà ẹ̀gbẹ́ pápá náà. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ Robinson àti Mays, kí ló tún ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ Babe Ruth?

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní 2002, nígbà tí John Henry àti àwọn alábàáṣepọ̀ rẹ̀ ra ẹgbẹ́ náà. Ìṣirò ni Henry fi di olówó nínú ọjà ohun ọ̀gbìn àti owó, ìṣirò náà ló sì gbé wọ inú béèsìbọ́ọ̀lù. Ó fi Theo Epstein, ọmọ ọdún 28, ṣe alákòóso tó ń ra agbábọ́ọ̀lù. Ó tún gba Bill James, ọkùnrin kan tó ti ń ṣe ọdẹ ní iléeṣẹ́ tó ń di ẹ̀wà sínú agolo nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìṣirò béèsìbọ́ọ̀lù jáde fúnra rẹ̀ ní 1977.

Ohun tí James ń sọ kò le. Nínú eré yìí, ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì yóò fi igi gbá a, yóò sì sáré yí béèsì mẹ́rin po kó tó jẹ́ ayò kan. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin tí kò gba ibi tó yẹ, ẹni tó mú igi yóò kàn rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri kò ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan. Ẹni tó taagun, tí igi fífì rẹ̀ wuni, ni wọ́n ń wá. James ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí ènìyàn dé béèsì láìjẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ibẹ̀ ni ayò ti ń wá.

Ojú yìí ni wọ́n fi ń wo ọjà. David Ortiz, ọmọ orílẹ̀-èdè Dominican Republic, ẹgbẹ́ Minnesota Twins ló tú u sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 2002, wọn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Boston mú un ní mílíọ̀nù kan àti ìdámẹ́rin dọ́là, owó tó kéré gan-an láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kevin Millar ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ sí Japan nígbà tí wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tálákà ló ṣẹ́gun olówó. Lóòótọ́ owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù Yankees lé ní mílíọ̀nù 180 dọ́là ní ọdún 2004, síbẹ̀ ti Boston lé ní 120. Àwọn ló tẹ̀ lé Yankees.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2004, Epstein ṣe ohun tó mú kí ìlú bú u: ó yọ̀ǹda Nomar Garciaparra, ẹni tí àwọn ọmọdé ń wọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, ó sì fi í gba àwọn méjì tó mọ bọ́ọ̀lù mú dáadáa. Lọ́jọ́ kan náà ló gba Dave Roberts láti ọ̀dọ̀ Dodgers. Ìyẹn kò pariwo rárá. Eré sísá ni iṣẹ́ Roberts.

Red Sox borí nígbà 98, wọ́n sì tún pàdé Yankees nínú àṣekágbá líìgì American League, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin yóò ti lọ sí World Series. Yankees na wọ́n 10 sí 7. Wọ́n tún nà wọ́n 3 sí 1. Ìkẹta bọ́ sí Fenway gan-an, 19 sí 8. Nínú gbogbo ìtàn líìgì ńlá yìí títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bẹ́ẹ̀ tó tún borí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun kan kí a tó lọ sí alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá. Béèsìbọ́ọ̀lù ìgbà náà kò ní aago. Abala mẹ́sàn-án ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ènìyàn mẹ́ta kúrò nínú ẹgbẹ́ kejì ní abala kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí ẹ ṣe lè máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà títí fèrè yóò fi dún. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ẹni ìkẹyìn náà.

Yankees ń borí 4 sí 3 ní abala kẹsàn-án. Mariano Rivera, ọmọ Panama, ló wà nídìí jíju, ẹni tí wọ́n máa ń mú wọlé bí eré bá ti fẹ́ parí, nítorí pé ó ṣòro kí ayò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju mẹ́rin tí kò gba ibi tó yẹ, Millar sì rìn lọ sí béèsì kìíní. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Terry Francona yọ Millar, ó fi Roberts rọ́pò. Roberts ti jókòó sínú òtútù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó wá ṣe: ó fẹ́ jí béèsì kejì, ìyẹn ni pé yóò sáré kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Mítà 27 ló wà láàárín béèsì méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Roberts rọra rìn kúrò ní béèsì. Rivera yíjú, ó ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní. Roberts bẹ́ padà. Ó tún jù ú. Roberts tún padà. Ó jù ú nígbà kẹta, wọn kò rí i mú. Rivera wá kọjú síwájú, ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi, bẹ́ẹ̀ ni Roberts ti gbéra. Jorge Posada, tó lóṣòó sẹ́yìn láti gba bọ́ọ̀lù, ju ú geerege sí Derek Jeter ní béèsì kejì. Jeter mú un, ó fi kan Roberts. Ọwọ́ Roberts ti kan béèsì ṣáájú.

Bill Mueller, ẹni tó mú igi náà, gbá bọ́ọ̀lù gba àárín kọjá, Roberts sáré wálé, ó di 4 sí 4. Nítorí pé wọ́n dọ́gba, eré kọjá abala kẹsàn-án. Ní abala kejìlá, lẹ́yìn agogo kan òru, Ortiz gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n tún pàdé, wọ́n gbá a fún wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 49, abala 14, Ortiz náà ló sì tún parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Curt Schilling, ajubọ́ọ̀lù Boston, yani lẹ́nu. Iṣan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, dókítà ẹgbẹ́ náà sì rán awọ ara rẹ̀ mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ kí iṣan náà má baà máa yọ̀. Wọ́n ní ara òkú ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Schilling ju bọ́ọ̀lù fún abala méje ní New York, ẹ̀jẹ̀ ń mu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ayò kan péré ni wọ́n jẹ lórí rẹ̀, Boston sì borí. Lọ́jọ́ kejì, nínú eré keje, Boston na Yankees 10 sí 3.

World Series kò gba ariwo. St. Louis Cardinals tó ti borí nígbà 105 lọ́dún náà kò rí ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀, 27 oṣù kẹwàá, òṣùpá wọ inú òjìji ayé, ó pọ́n. Àwọn ẹlẹ́pè kúkú rí nǹkan sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ń gbé fìlà àti ìwé ìròyìn lọ sí ibojì àwọn òbí wọn.

Ta ló gbé wọn débẹ̀? Ortiz gbá 41 kọjá ògiri lọ́dún náà, Manny Ramirez gbá 43, Pedro Martinez wà nídìí jíju. Dominican Republic ni wọ́n bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Cuba tó sá ogun gbé béèsìbọ́ọ̀lù dé ní nǹkan bí ọdún 1870 sí 1890. Ní ayé Yawkey kó tó di 1959, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn bí Ortiz wọ yàrá ìmúra.

Boston tún gba ife ní 2007, 2013 àti 2018. Epstein lọ sí Chicago Cubs, ó fòpin sí ọdún 108 tiwọn ní 2016. Roberts di akọ́nimọ̀ọ́gbá Dodgers, òun gan-an ni Boston nà ní 2018. Nígbà tó yá, gbogbo ẹgbẹ́ ló gba onímọ̀ ìṣirò tiwọn, eré sì fà, ó sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Epstein wà lára àwọn tí líìgì pè ní 2021 láti bá wọn tún un ṣe. Láti 2023, béèsìbọ́ọ̀lù ti ní aago, béèsì ti tóbi sí i, ajubọ́ọ̀lù kò sì lè kàn máa ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní bó ṣe wù ú mọ́: bó bá ṣe é nígbà kẹta, tí kò mú ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni náà yóò bọ́ síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní òfin yẹn ti wà ní 2004 ni, Roberts ì bá kàn rìn lọ sí béèsì kejì ni.