Kí Ọtí Má Di Olùtùnú: Ohun Tí Òwe àti Àṣà Yorùbá Sọ fún Ẹni Tí Kò Ríṣẹ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Òun ni bí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ti ń wáṣẹ́ tipẹ́ tí kò rí, ṣe lè la ìgbà náà kọjá láìfi ọtí tàbí oògùn olóró ṣe ìtùnú. A ó fi àgbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ, a ó sì ṣe àlàyé àwọn òwe àti àṣà tó bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Ìdúró de iṣẹ́ ní Kòsọ́fẹ́

Ẹni tó bá dé ọjà Mile 12 ní kùtùkùtù yóò rí ọkọ̀ àjàgbé tó kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya. Ní ọjà Kétu àti Ìkòsì, èso bí ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé ni iṣẹ́ dé fún alábàárù àti fún ẹni tó ń ti bárò. Bí ọkọ̀ kò bá dé, tàbí tí kò tó àwọn tó ń retí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin alágbára ni yóò jókòó títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ń jókòó tiwọn nílé, ìwé ẹ̀rí lábẹ́ àpótí. Ìjókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í jìnnà sí ibi tí ẹni tó ń ta páráagà to ìgò rẹ̀ sí.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ọjọ́ náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi Kòsọ́fẹ́, Múṣin, Oṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Ṣómólú kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà. Ìjọba ní nítorí ìjàǹbá ojú pópó àti ìwà ọ̀daràn ni. A kò wá dá ẹjọ́ òfin náà níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Kétu ní ọjọ́ tó ṣáájú kò di ọ̀lẹ mọ́jú. Iṣẹ́ ló lọ. Apá rẹ̀ kò rọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀lẹ àti aláìríṣẹ́ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ sí ìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a ya ọ̀lẹ sọ́tọ̀ sí aláìríṣẹ́ṣe. Ọ̀lẹ ni ẹni tó rí iṣẹ́ tó sá fún un. Aláìríṣẹ́ṣe ni ẹni tó ń wá a tí kò rí i. Yorùbá kórìíra ọ̀lẹ púpọ̀, òwe tí wọ́n fi ń bú u kò sì lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi òwe ọ̀lẹ na aláìríṣẹ́ṣe lójoojúmọ́, ìtìjú yóò lé e kúrò nílé, ibi tí wọn kò ti ní bi í léèrè ohunkóhun ni yóò sì lọ. Ìdí ọtí ni irú ibẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pa òwe pé "Ikú yá ju ẹ̀sín." Ẹ jẹ́ kí a lò ó bó ṣe yẹ. Òwe ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó fẹ́ hùwà tí yóò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, bí olè jíjà tàbí ọ̀dàlẹ̀. Kì í ṣe òwe ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àìríṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín.

Bí ọtí ṣe ń wọlé

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Kò sí ẹni tó jí ní ọjọ́ kan tó pinnu pé òun fẹ́ di ọ̀mùtí. Ife páráagà kan ni, nítorí ẹ̀yìn ń dunni tàbí nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n páráagà jẹ́ egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ògógóró, egbò náà kò sì yọ ọtí kúrò nínú ọtí. Lẹ́yìn èyí ni ọtí inú ọ̀rá tó ṣeé fi sápò, lẹ́yìn náà igbó, tírámádò tàbí omi ikọ́ tó ní kódíìnì. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọlé.

Ní ti ọtí inú ọ̀rá, ọdún 2018 ni ìjọba àti àwọn tó ń ṣe é fẹnu kò pé kí ó kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, àjọ NAFDAC kò forúkọ tuntun sílẹ̀ fún un mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin náà ní oṣù kejì ọdún 2024, ariwo pọ̀, wọ́n sì sún gbèdéke síwájú sí ìparí ọdún 2025. Ìdí tí NAFDAC fi ń bá a jà rọrùn láti lóye: owó rẹ̀ kéré, ó kéré níwọ̀n, ọmọdé lè rà á kí ó sì fi pamọ́.

Ìwádìí ńlá kan tí àjọ UNODC àti NBS ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó ènìyàn 33 nínú 100. Wọn kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn.

Kí ni ọtí ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì? Ó máa ń jẹ́ kí oorun tètè kun ún, ṣùgbọ́n ó máa ń já oorun náà sí wẹ́wẹ́ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, orí á wúwo, àyà á máa já, ìbànújẹ́ àná á sì pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ àárọ̀ bá yọjú, kò ní lè dé ibẹ̀ lásìkò. Owó ọkọ̀ tí ì bá fi wáṣẹ́ ti lọ. Bó bá ṣe ń pẹ́, ara á mọ́ ọn, ife kan kò ní tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ, tó fi epo para, tó tún lọ jókòó sídìí iná. Ìṣòro ti wà nílẹ̀. Ọtí ni epo tí a fi pa á lára.

Ọbàtálá àti èèwọ̀ ẹmu

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn yìí pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ní pé Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilẹ̀ ayé. Lójú ọ̀nà ló mu ẹmu yó, tó sùn lọ. Odùduwà gbé erùpẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá àti àwọn olùsìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní: ìtàn náà kò fi Ọbàtálá sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Òun náà ni à ń pè ní Òrìṣà Ńlá títí di òní, òun ni a sì ní ó ń mọ ara ènìyàn. Ẹni tó ṣubú nítorí ọtí ṣì lè ní iṣẹ́ ńlá níwájú. Èkejì: kò sọ pé òun yóò máa mu díẹ̀. Ó sọ ọ́ di èèwọ̀. Láwùjọ Yorùbá, bí ènìyàn bá ti sọ pé "Èèwọ̀ mi ni," a kì í bá a jiyàn, a kì í sì í bi í pé kí ló dé. Ẹni tí ọ̀rẹ́ ń fi ọtí lọ̀ ní Kétu lè lo gbólóhùn yìí kan náà. Kò ní láti ṣàlàyé, kò sì ní láti bínú. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn rẹ̀ ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni náà ń kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún

"Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ìdajì òwe yìí nìkan, wọ́n á sì fi ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdajì kejì. Ọrọọrún ni ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Babaláwo kò jókòó kí ó máa retí pé ọ̀la yóò yàtọ̀. Ó ní ọjọ́ tó yà sọ́tọ̀, ó sì ń dìde sí i. Ìrètí tó ní ọjọ́ àti wákàtí ni òwe yìí ń kọ́ wa.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí lókè òkun bá èyí mu. Ní abúlé Marienthal, nítòsí ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, ilé iṣẹ́ aṣọ tí gbogbo abúlé gbára lé kógbá sílé ní nǹkan bí ọdún 1929 sí 1930. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1933. Wọ́n rí i pé bí àyè ṣe pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó, ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé dínkù tó nǹkan bí ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbowó lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró kiri. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn ń yára rìn. Kì í ṣe owó nìkan ni iṣẹ́ ń fún ènìyàn. Ó ń fún un ní ìdí láti jí, ibi tí yóò lọ, àti àwọn tí yóò béèrè rẹ̀ bí kò bá dé.

Nítorí náà, kí ẹni tí kò ríṣẹ́ fún ọjọ́ rẹ̀ ní ìlà. Kí ó jí ní wákàtí kan náà, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ. Kí ó ya àárọ̀ sọ́tọ̀ fún wíwáṣẹ́, kí ó ya ọ̀sán sọ́tọ̀ fún kíkọ́ nǹkan tàbí iṣẹ́ kékeré, kí ó sì ní ohun kan tí yóò máa ṣe ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọtí máa ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àáró ṣì wúlò

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ máa ń ṣe àáró: wọ́n á jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹni kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Gbèsè iṣẹ́ ni àáró, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ kì í lè jókòó sílé. Àwọn mẹ́ta tó ń wáṣẹ́ ní Ìkòsì lè ṣe irú rẹ̀: kí wọ́n máa pàdé láàárọ̀, kí wọ́n jọ ka ìwé ìwáṣẹ́, kí wọ́n máa sọ ibi tí iṣẹ́ wà fún ara wọn, kí wọ́n sì máa béèrè ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà."

Bí ọtí bá ti wọ ènìyàn lára

"Bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn." Ẹni tó ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó sì mu lọ́jọ́ kan kò pàdánù oṣù mẹ́ta náà. Kí ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé láìrí dókítà. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè máa bo ó, ó lè máa rí ohun tí kò sí, gìrì bí ti wárápá sì lè mú un. Èyí lè pa ènìyàn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ara tó ti mọ́ ọtí lára ni. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Gbàgádà. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, àti ti Arò ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí a lè pè fún ìmọ̀ràn: 0800 1020 3040.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi òwe dá a lóhùn. Ẹ jókòó tì í, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ fún òbí àti olùkọ́

"Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra." Ẹ bi ọmọ yín tó ń wáṣẹ́ léèrè ibi tó dé lónìí, kì í ṣe iye tó mú bọ̀ nìkan. Ẹ fún un ní ojúṣe nínú ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ má fi í wé ọmọ aládùúgbò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó jáde ilé ẹ̀kọ́, nítorí "Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó."

Ìbéèrè fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀lẹ àti aláìríṣẹ́ṣe?
2. Kí ni ìdajì kejì òwe babaláwo kọ́ wa tí ìdajì àkọ́kọ́ kò sọ?
3. Báwo ni ẹ ṣe lè lo ọ̀rọ̀ náà "èèwọ̀" bí ọ̀rẹ́ bá fi ọtí tàbí igbó lọ̀ yín?
4. Ẹ béèrè òwe mìíràn nípa sùúrù lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀.