Ẹni Tó Mọ Inú Rò Ló Mọ Ọpẹ́ Dá: Ọmọ Dé Láti Yunifásítì Lẹ́yìn Sáà Kìn-ín-ní

Bí ọmọ bá wọ yunifásítì, gbogbo ọjà ló máa ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ kò ní í lè pa á mọ́ra. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ lápá ọ̀tún á gbọ́, ẹni tó ń ta ẹja lápá òsì á gbọ́, alábàárù tó ń gbẹ́rù kọjá pàápàá á bá wọn ṣe àmín. Ọjọ́ tí ariwo rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ náà bá parí sáà ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sẹ̀mẹ́sítà, tó di àpò rẹ̀, tó sì padà wálé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kí tọmọ-tòbí jókòó sọ̀rọ̀. Ta ló gbé ọmọ yìí débẹ̀? Báwo ló ṣe yẹ kó dúpẹ́? Ṣé ọtí àti ìlù ni wọ́n fi ń dúpẹ́ oṣù mẹ́rin ni, àbí ọpẹ́ mìíràn wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LÓ SAN OWÓ ILÉ ÌWÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ọmọ aláta tàbí ọmọ káfíńtà tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ yunifásítì, owó tó ti bá ọ̀nà ibẹ̀ lọ kì í ṣe kékeré. Owó fọ́ọ̀mù JAMB wà níbẹ̀, owó ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fúnra wọn tún ń ṣe wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń san láti fi gba àyè wà níbẹ̀, kó tó wá kan owó ilé ìwé gan-an. Lẹ́yìn èyí ni mátírẹ́ẹ̀sì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù, gàárì, ẹ̀wà àti owó mọ́tò.

Ibo ni owó yìí ti ń wá? Ìyá á lọ bá olórí àjọ, á bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kó àjọ kó tó kan òun. Ẹni tó yẹ kó kó o lóṣù náà á ní kò burú, kí ìyá ọmọ máa kó o, òun á dúró. Bàbá á lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì á sì fọwọ́ sí ìwé pé bí kò bá rí i san, kí wọ́n mú àwọn. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó ti ń tu owó fíríìdọ̀ọ̀mù rẹ̀ jọ láti ọdún méjì, á ní kí wọ́n mú un fún àbúrò òun, òun ṣì lè wà lọ́dọ̀ ọ̀gá òun fún ọdún kan sí i. Ẹ bá a kà á dáadáa. Ọmọ kan ló wọlé ìwé, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà ló ti sún nǹkan tiwọn sẹ́yìn nítorí rẹ̀.

Lóde òní, ìjọba àpapọ̀ náà ti wà lára àwọn tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó náà. Kò ní èlé, ilé ìwé ni wọ́n sì ń san owó ilé ìwé fún tààrà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni. Gbèsè ni. Bí ọmọ bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó fi pé ọdún méjì, ìgbà tí wọ́n á máa béèrè rẹ̀ nìyẹn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá gbà nínú owó yìí, kó kà á mọ́ gbèsè ilé.

FÍRÍÌDỌ̀Ọ̀MÙ KỌ́ NÌYÍ O

Oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní í ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ọmọṣẹ́ tó bá lo oṣù mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló ti mọ̀? Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, ó ti mọ orúkọ irinṣẹ́, bóyá wọ́n ti jẹ́ kó fi àkísà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ máṣíìnì. Ó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó kúkú yẹ. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá gba onílù, tó na tẹ́ǹtì, tó ní ọmọ òun ń ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, ṣebí wọ́n á béèrè bóyá ara rẹ̀ dá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti yunifásítì. Sáà méjì ló wà nínú ọdún kan. Ẹni tó bá ń ka ìwé ọlọ́dún mẹ́rin, sáà mẹ́jọ ló máa jókòó fún. Ẹni tó wà nílé ìwé olùkọ́ni fún ọdún mẹ́ta, mẹ́fà ni tirẹ̀. Ẹni tó wà ní pólì fún ọdún méjì àkọ́kọ́, mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá ti parí nínú mẹ́jọ, méje ṣì kù. Bí a bá ro dídùn ìfọ̀n, a ó họra dé eegun. Owó tí wọ́n bá fi pa ewúrẹ́ ní ìsinmi yìí, ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n á máa wá lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí i, nígbà tí sáà kejì bá wọlé dé, tí àjọ tí wọ́n kó ṣáájú kò sì tíì san tán.

ÈSÌ ÌDÁNWÒ DÀ BÍI KÁÀDÌ ALÁJỌ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ nípa sáà kìn-ín-ní. Wọ́n á ní, "Ṣebí ìbẹ̀rẹ̀ ni, bí kò ṣe dáadáa, á ṣe dáadáa tó bá yá." Ó rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èsì yunifásítì dà bíi káàdì alájọ. Ọjọ́ tí èèyàn kò bá dá owó, alájọ kò ní í fa ilà síbẹ̀, bó bá sì di ìparí oṣù, ọjọ́ tó ṣófo yẹn á hàn nínú owó tí wọ́n máa kó fún un. Máàkì sáà kìn-ín-ní kì í parẹ́. Wọ́n á máa kó o pọ̀ mọ́ tàwọn sáà tó kù títí ọmọ á fi jáde.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, orí márùn-ún ni òṣùwọ̀n náà parí sí. Ẹni tó bá jáde pẹ̀lú 4.50 sókè wà ní ipò kìn-ín-ní. 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì apá òkè, 2.40 sí 3.49 ni ipò kejì apá ìsàlẹ̀, 1.50 sí 2.39 sì ni ipò kẹta. Bí ọmọ bá gba 2.80 ní sáà kìn-ín-ní, tó wá múra tó gba 4.20 ní sáà kejì, tí iye iṣẹ́ tó ṣe nínú méjèèjì bá dọ́gba, 3.50 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó sáré gidi kó tó ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sápá òkè. Ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dára ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé èsì kì í sábà jáde lọ́jọ́ tí ìdánwò parí. Ọmọ lè ti wà nílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó rí i. Ìdí mìíràn nìyí tí pàrtí fi ń ṣáájú ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é.

BÍ ỌMỌ ṢE LÈ DÚPẸ́

Ọpẹ́ tó lójú kò náni lówó púpọ̀. Bí ọmọ bá dé, kó sinmi ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Kó lọ bá ìyá tó dúró kó àjọ lẹ́yìn, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ ṣé o, Màmá. Mo ti parí sáà kìn-ín-ní. Ìṣirò ló ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n mi ò ní í jẹ́ kó borí mi." Ìyá yẹn kò retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà ló máa gbà níbẹ̀, inú ìyá náà á sì dùn pé owó òun kò lọ sínú igbó.

Kó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún bàbá rẹ̀. Kó wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n tó fi fíríìdọ̀ọ̀mù sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Tibí yìí ni ọ̀rọ̀ wúwo jù. Àwọn ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ òyìnbó díẹ̀, ojú àtẹ àti ṣọ́ọ̀bù á di ohun ìtìjú fún wọn, wọn kò ní í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn mọ̀ pé télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n àwọn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ tó mọ inú rò á bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jábọ́tìn-ín, á bá ìyá rẹ̀ ṣírò ẹni tó jẹ wọ́n lówó lọ́jà, yóò sì mọ̀ pé gbèsè fíríìdọ̀ọ̀mù kan wà lọ́rùn òun.

ÒBÍ NÁÀ NÍ TIRẸ̀ LÁTI ṢE

Ẹ jẹ́ kí òótọ́ délẹ̀. Òbí mìíràn ń béèrè ọpẹ́ bí agbowó òde ṣe ń béèrè owó orí. Láàárọ̀, "Ṣé o mọ iye tí mo ná lórí ẹ?" Lálẹ́, "Ṣé o mọ iye tí mo yá?" Ọmọ tó bá ń gbọ́ èyí lójoojúmọ́, bí ìdánwò bá já a kulẹ̀, ta ló máa sọ fún? Yóò fi í pamọ́. Yóò máa parọ́ láti sáà dé sáà, wọ́n á sì máa san owó sórí ìwé tí kò kà mọ́. Ìyá tó bá sọ pé, "O ṣé tó o padà wálé láyọ̀, wá sọ bó ṣe lọ fún mi," ìyá yẹn máa gbọ́ òótọ́ nígbà tí òótọ́ ṣì wúlò.

ỌJÀ LÓ DI ILÉ AWÓLỌ́WỌ̀ MÚ

Ọ̀rọ̀ kí ọlọ́jà máa gbé akẹ́kọ̀ọ́ ró kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1944, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa òfin. Kì í ṣe àpọ́n nígbà náà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ló dúró nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, òwò ló sì ń ṣe tí ilé fi dúró títí ọkọ rẹ̀ fi di lọ́yà ní 1946. Nígbà tí ọkùnrin yìí di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ọmọ ẹni tí kò ní náà sì rí ìwé kà. Ní 1987, wọ́n sọ Yunifásítì Ifẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́jà tó bá ń wọ ẹnu géètì ibẹ̀ lónìí, kó rántí pé obìnrin kan tó ń ṣòwò wà nínú ìtàn orúkọ náà.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ bá dé ní ìparí sáà kìn-ín-ní, ẹ se ìrẹsì, ẹ bu adìyẹ kan sí i, ẹ jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àjọ tó kàn. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Sáà kejì ń bọ̀ lọ́nà.