Bí Ìpáàrà Ṣe Di Ọ̀ṣọ́ Lára Ọkọ̀ Ojú Irin Àfọwọ́ṣe

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Báyìí ni àwọn baba wa wí, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń bá wí. Nítorí ẹ̀ńjìnnì a-fọn-fèrè-jí-abúlé, a-jẹ-èédú-mu-omi, tí ó ti fi ogún ọdún wọ́ ẹrù gun òkè nínú òjò àti nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò ní àṣírí kan tí ara rẹ̀ kò ní sọ fún ẹni tí ó bá mọ ohun wò. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni ti bí àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe di ẹni tí ń náwó nára láti kan ẹ̀ńjìnnì tí ń dán gbinrin, tí wọn a sì tún jókòó tì í ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́, láti fi èéfín, eruku àti ìpáàrà kùn ún títí yóò fi gbó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1891 ni ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì gbé ọkọ̀ ojú irin onípáànù lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig, tòun ti ojú irin tí a lè máa rà sí i díẹ̀díẹ̀, ayọ̀ ọmọdé sì ni wọ́n ń wá: ọ̀dà pupa, ọ̀dà ewé, ìlà wúrà yíká ara bọ́ílà. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ó jọ ti gidi. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n wá béèrè lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ní 1934, Al Kalmbach bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn Model Railroader jáde ní ìlú Milwaukee. Ní ọdún kejì, ní ìlú kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò fi òfin ìwọ̀n lélẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ti lágbájá lè yí lórí irin ti tàmẹ̀dù láìfò kúrò. Ìwọ̀n tí ó wá borí gbogbo ìyókù ni èyí tí wọ́n ń pè ní HO, nínú èyí tí gbogbo nǹkan jẹ́ ìdá 1 nínú 87: ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ní pé íǹṣì kan, wágọ́nù tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40 yóò sì kù sí íǹṣì 5 àti ààbọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ Ògún Lákáayé wọ̀nyí ń gé idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń fi òjé jó o pọ̀, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ lu orí ìṣó sí ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ka pákó ara wágọ́nù kí ó lè pé bí ti gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ọ̀dà dúdú tí ń kọ mànà ni wọ́n ń fi kùn ún, wọn a sì gbé e sórí pẹpẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, síbẹ̀ ojú kò gbà á gbọ́.

Ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí ó kù ni John Allen, tí a bí ní ìlú Joplin ní Missouri ní ọdún 1913. Onífọ́tò ni, èyí sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lójú tèmi. Ní 1946 ó kó lọ sí Monterey ní etí òkun California, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rélùwéè kan tí kò sí láyé, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Gorre & Daphetid. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe kò tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, kò sì pé 7 ní gígùn. Nígbà tí yóò fi di 1953, ó ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó lókìkí jù, nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀: òkè ńláńlá láti ilẹ̀ títí kan àjà, àfonífojì tí afárá gba orí rẹ̀ kọjá, dígí tí a fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ìlú kékeré lè dà bí ẹni pé ó ń bá a lọ títí.

Ojú ẹni tí ó ti máa ń wo ayé láti inú kámẹ́rà kì í fojú fo bí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà lé ohun. Allen mọ̀ pé ọ̀dà tí ń dán ni ó ń tú àṣírí ohun kékeré. Bí iná bá ti kọ lára bọ́ílà, ojú yóò ti mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn gbà á. Ó sì mọ̀ pé rélùwéè tí kò lówó lọ́wọ́, tí ń fi ọkọ̀ àlòkù ṣiṣẹ́ láàárín àwọn òkè, kò lè ní ohun tuntun kan ṣoṣo. Nítorí náà ó sọ ohun gbogbo di ògbó: ẹ̀ńjìnnì, wágọ́nù, afárá, òrùlé ilé, títí kan ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tí ó kùn ní àwọ̀ ìpáàrà, tí ó sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa dán, nítorí kẹ̀kẹ́ tí ń gba orí irin kọjá lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí ó dógùn-ún. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀ ní àkókò náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó mú un dé ibi tí ó mú un dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti í ṣe é lára wágọ́nù onípákó kan. Ọ̀dà tí a kọ́kọ́ fi kùn ún gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ó má baà dí ìlà tín-ín-rín tí ó wà láàárín pákó kan àti èkejì. Bí ó bá gbẹ, a ó lẹ orúkọ àti nọ́ńbà mọ́ ọn, a ó sì fi sáńpépà tí ó kúná rọra ha wọ́n, nítorí oòrùn kì í jẹ́ kí lẹ́tà funfun pẹ́ ní funfun. Lẹ́yìn èyí ni a ó po ọ̀dà dúdú díẹ̀ títí yóò fi ṣàn gereré, tí a ó jẹ́ kí ó wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ kí ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí òun náà bá gbẹ, a ó mú búrọ́ọ̀ṣì tí a ti nù títí ọ̀dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, a ó fi ra àwọn igun àti orí ìṣó kí ohun tí ó yọ síta lè mọ́ díẹ̀ ju ohun tí ó wọnú lọ. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, tí a fi ọ̀bẹ ha, ni ó ń kẹ́yìn: eruku ilẹ̀ fún ìsàlẹ̀, dúdú èéfín fún òrùlé. Òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni a ti í fa búrọ́ọ̀ṣì, nítorí òjò kì í ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè.

Ti ẹ̀ńjìnnì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí omi bá ti ń jò lára bọ́ílà, ìlà funfun ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ohun tí ó yòrò sínú omi ni í kù sílẹ̀ nígbà tí ooru bá fa omi náà gbẹ. Lábẹ́ àpótí yanrìn, èyí tí awakọ̀ ń lò láti da yanrìn sójú irin kí kẹ̀kẹ́ má baà yọ̀, àmì yanrìn yóò wà. Ibi tí ọwọ́ àti bàtà òṣìṣẹ́ ń kàn lójoojúmọ́ yóò bó, yóò sì dán. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ bí ó ti í dọ̀tí, ohun tí ó sì mú mi ka iṣẹ́ yìí kún iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn: ìmọ̀ nípa iná, omi àti irin ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sílẹ̀.

Ó bí àwọn kan nínú. Ta ni yóò ra ẹ̀ńjìnnì idẹ lówó gọbọi, tí yóò wá fi ẹrẹ̀ kùn ún? Ṣùgbọ́n fọ́tò Allen ló bá wọn jà. Ó ń gbé wọn jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn, ilé iṣẹ́ Varney, tí ń ṣe irú ọkọ̀ wọ̀nyí, sì ń lo àwòrán rẹ̀ láti fi polówó ọjà ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò ní láti wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó dá a lójú pé kì í ṣe òkè àti ọkọ̀ gidi. Ọkùnrin náà fẹ́ràn àwàdà pẹ̀lú: ẹranko àtayébáyé kan tí egungun pẹlẹbẹ hù lẹ́yìn rẹ̀, Emma, ni ó fi ṣe ẹ̀ńjìnnì nọ́ńbà 13, tí ń fa wágọ́nù káàkiri ní ibùdókọ̀.

Allen kú ní oṣù kìíní ọdún 1973. Nínú oṣù kan náà ni iná sọ nínú ilé náà, tí ó sì jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rélùwéè tí ó ti fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ ènìyàn ní ẹwà ohun gbígbó kò rí àyè gbó fúnra rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní. Linn Westcott, olóòtú Model Railroader tẹ́lẹ̀, kó àwọn fọ́tò àti ìtàn náà jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1981, lẹ́yìn tí Westcott fúnra rẹ̀ ti kú. Nínú ìwé yìí ni àwọn tí kò dé Monterey rí ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Allen. Ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ mú lọ́kàn ni George Sellios ti ìlú Peabody ní Massachusetts, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Fine Scale Miniatures sílẹ̀ ní 1967, tí ó sì kọ́ ìlú kékeré kan tí ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní bíríkì kan tí ayé kò lò.

Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi atẹ́gùn fọ́n ọ̀dà ti ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń ta ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ di ògbó kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. N kò fẹ́ràn ìwọ̀nyí púpọ̀, nítorí ìdọ̀tí kan náà ni ó wà lára gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ èédú tí ń bẹ ní àwọn òkè ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kì í dọ̀tí bí iyanrìn aṣálẹ̀ Arizona. Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni pé nǹkan bí ọdún 1960 ni àwọn rélùwéè ńlá ilẹ̀ náà fi ẹ̀ńjìnnì onísítíìmù sílẹ̀. Àwọn tí ó kù ní ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ ni a ti nù, tí a ti kùn, tí wọ́n mọ́ ju bí wọ́n ti mọ́ nígbà iṣẹ́ lọ, púpọ̀ nínú fọ́tò ìgbà náà kò sì ní àwọ̀. Nítorí náà àwọn tí wọ́n mú iṣẹ́ yìí ní òkúnkúndùn ń wá àwọn arúgbó tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ojú irin kiri, láti bi wọ́n léèrè ohun tí ìwé kò kọ: irú pupa wo ni ìpáàrà inú kẹ̀kẹ́ jẹ́, àti ibo gan-an ni eérú máa ń dà sí.